Bí a ṣe ń pààrọ̀ fílítà ọ́ìlì ọkọ̀ nílé

Ẹni tó bá lè yọ táyà ọkọ̀ kó sì dá a padà síbi tó wà lè pààrọ̀ fílítà ọ́ìlì. Ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ lè lo wákàtí kan sí méjì. Ẹni tó ti mọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa kò ní lò tó bẹ́ẹ̀, dídúró de ọ́ìlì kó kán tán ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ kò pọ̀: rọ́bà ìdí fílítà, wáṣà (òrùka pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kó jò) ara nọ́ọ̀tì sọ́ńpù, ìyẹn ọpọ́n ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, àti ọwọ́ tó fún nǹkan le ju bó ṣe yẹ lọ. Orí àwọn wọ̀nyí la ó ti pẹ́ jù.

Ohun tó wà nínú agolo náà

Tí ẹ bá gé fílítà sí méjì, bébà líle ni ẹ máa bá nínú rẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ ẹ po bí abẹ̀bẹ̀ yí páìpù oníhò wẹ́wẹ́ kan ká. Ọ́ìlì máa ń gba àwọn ihò kéékèèké tó wà létí ìdí fílítà wọlé, á gba inú bébà náà kọjá, á wá gba ihò ńlá àárín, èyí tó ní tíréèdì (ìlà tó yí ká bíi ti ara nọ́ọ̀tì), jáde sínú ẹ́ńjìnì. Ìdọ̀tí tó kéré ju ìdajì ìnípọn irun orí lọ ni bébà yẹn ń gbá mú: èérí dúdú tí epo tó jó fi sílẹ̀, irin wẹ́wẹ́ tó ń bó lára àwọn ẹ̀yà tó ń ra ara wọn, àti eruku tó bá yọ́ gba ọ̀dọ̀ fílítà afẹ́fẹ́ wọlé.

Nǹkan méjì mìíràn wà níbẹ̀ tí ojú kì í rí láti ìta. Èkíní ni rọ́bà pẹlẹbẹ kan tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà sí sọ́ńpù nígbà tí ẹ bá pa ọkọ̀. Tí rọ́bà yìí bá gan tàbí tó ya, ẹ máa gbọ́ tí ẹ́ńjìnì ń dún kà-kà-kà láàárọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kó tó dákẹ́, nítorí pé fílítà ti gbẹ mọ́jú, pọ́ńpù sì ní láti kọ́kọ́ rọ ọ́ kún. Èkejì ni ilẹ̀kùn kékeré kan tí sípíríńgì ń tì. Tí bébà bá dí pátápátá, tàbí tí ọ́ìlì bá tutù tó nípọn jù, ilẹ̀kùn yìí á ṣí, á jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá láìsẹ́. Ọ́ìlì tó dọ̀tí sàn fún bíárìn (irin tí kíráńkì, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì, jókòó lé) ju kí ọ́ìlì má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá lọ. Ṣùgbọ́n nítorí ilẹ̀kùn yìí, fílítà tó ti dí kì í ké. Iná kankan kò ní tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ á máa lọ geere, ìdọ̀tí á sì máa lọ bá kíráńkì ní tààràtà. Ẹ má dúró de àmì kankan kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ kò ní fílítà ọ́ìlì rárá. Ọdún 1923 ni Ernest Sweetland àti George Greenhalgh ní Amẹ́ríkà gbé èyí tí wọ́n pè ní Purolator jáde. Títí di òní, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni oní-agolo, tí a ń fi ọwọ́ yí mọ́ ara ẹ́ńjìnì, tí a sì ń jù nù lódindi. Èkejì ni oní-bébà, tí ilé rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnì, tí a kàn ń ṣí ìdérí rẹ̀, tí a ń yọ bébà tó ti dọ̀tí, tí a sì ń fi tuntun sí i. Ẹ mọ èyí tó wà lára ọkọ̀ yín kí ẹ tó ra ohunkóhun, nítorí irinṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Ìgbà tó yẹ, àti ohun tó yẹ kí ẹ rà

Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni ọba nínú ọ̀rọ̀ yìí. Níbi tí ìwé náà kò bá sí, ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì tó jẹ́ mínírà (“mineral” lára kẹ́ẹ̀gì) ní gbogbo kìlómítà 5,000, sìǹtẹ́tíìkì (“synthetic”) ní kìlómítà 10,000, tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Tí ọkọ̀ bá ń rìn nínú eruku, tó ń fa ẹrù, tàbí tó máa ń dúró pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ dín in kù gidigidi. Ẹ rántí pé nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kìlómítà kì í kà, ẹ́ńjìnì sì ń ṣiṣẹ́. Ìrìn kúkurú náà kò dára: ẹ́ńjìnì tí kò gbóná tán kì í lè lé omi àti bẹntiróòlù tó ti yọ́ wọnú ọ́ìlì jáde.

Ẹ pààrọ̀ fílítà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì. Àwọn kan máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó pààrọ̀ fílítà lẹ́ẹ̀kan. A kò fara mọ́ ọn. Ọ́ìlì dúdú tó lé ní 0.3 lítà lè ṣẹ́ kù sínú fílítà, ojú ẹsẹ̀ ló sì máa pò mọ́ èyí tuntun.

Nọ́ńbà fílítà ni kí ẹ fi rà á, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Fílítà méjì lè ga bákan náà, kí wọ́n tóbi bákan náà, kí tíréèdì wọn sì yàtọ̀. Tíréèdì méjì tó máa ń tan ènìyàn jẹ ni M20 x 1.5 àti 3/4-16. Èkíní fẹ̀ ní 20 mm, èkejì fẹ̀ ní 19.05 mm. Tí ẹ bá yí fílítà M20 sórí ẹsẹ̀ 3/4 (irin oní-tíréèdì tó yọ síta lára ẹ́ńjìnì), ó máa wọlé, ó tilẹ̀ máa dà bí ẹni pé ó dì. Ìgbà tí ọ́ìlì bá tẹ̀ ẹ́ ni yóò fò yọ. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó tà á, ẹ fi èékánná tẹ rọ́bà ìdí rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ rọ̀, kó sì padà sí bó ṣe wà. Ẹ wo inú àwọn ihò rẹ̀, bébà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tò dọ́gba. Ẹ mì í létí yín, kò gbọdọ̀ dún. Fílítà ayédèrú pọ̀, ìdí rẹ̀ yìí ló sì máa ń kọ́kọ́ tú u fó.

Ní ti ọ́ìlì, ẹ ra irú èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ. Nínú 5W-30, 5W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nínú òtútù, 30 ń sọ bó ṣe nípọn tó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Ọ́ìlì tó nípọn jù kò “dáàbò bo” ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe fún 0W-20, ṣe ló máa ń pẹ́ kó tó dé òkè ní àárọ̀. Iye rẹ̀ náà wà nínú ìwé, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ “pẹ̀lú fílítà” sí. Toyota Corolla 1.8 tó ní ẹ́ńjìnì 2ZR-FE ń gba 4.2 lítà. Honda Civic 1.8 tó jáde láàárín 2006 sí 2011 ń gba 3.7 lítà. Ẹ wá rí i pé kẹ́ẹ̀gì 4 lítà kan kò tó fún ti àkọ́kọ́, ó sì ju ti èkejì lọ. Ẹni tó bá kàn da kẹ́ẹ̀gì kan tán sínú ọkọ̀ láìwo ìwé kò mọ ohun tó ṣe.

Àwọn irinṣẹ́ kò pọ̀. Ẹ nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá orí nọ́ọ̀tì sọ́ńpù mu (14 mm ló wọ́pọ̀ lára Toyota, 17 mm lára Honda), sípánà fílítà, bàsíà tó lè gba ó kéré tán lítà 6, àrọ, àkísà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tọ́ọ̀ṣì, àti wáṣà tuntun. Fún ọ̀pọ̀ Toyota oní-bébà, ife sípánà 64 mm tó ní ojú 14 ni ẹ máa fi ṣí ìdérí. Tí ẹ bá lè ní sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn agbára tí ẹ fi ń fún nọ́ọ̀tì, ẹ ní in.

Gbígbé ọkọ̀ sókè

Ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó le. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ fi gíà sí P tàbí ọ̀kan, kí ẹ sì fi igi tàbí òkúta dí ẹ̀yìn táyà tó máa wà nílẹ̀. Ẹ fi jáàkì sí ibi tí ìwé ọkọ̀ fi hàn. Ẹ má fi sí abẹ́ sọ́ńpù láé, nítorí sọ́ńpù lè wọnú, kó sì dí ẹnu páìpù tí pọ́ńpù fi ń fa ọ́ìlì.

Jáàkì wà fún gbígbé, kò wà fún dídúró. Rọ́bà kékeré kan ló ń di ọ́ìlì inú jáàkì mú, tí rọ́bà yẹn bá já, ọkọ̀ á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ fi sítáńdì irin méjì gbé ọkọ̀ dúró, ẹ rọra tú jáàkì kí ìwúwo ọkọ̀ bọ́ sórí wọn, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì mi ọkọ̀ gidi kí orí yín tó wọ abẹ́ rẹ̀. Tó bá máa ṣubú, ẹ jẹ́ kó ṣubú nígbà tí ẹ ṣì dúró. Búlọ́ọ̀kù kò ṣeé fi dípò sítáńdì: ó máa ń fọ́ láìkìlọ̀. Ẹni tí kò bá ní sítáńdì, kó má wọ abẹ́ ọkọ̀. Kò sí àbùjá lórí èyí.

Ọ́ìlì àtijọ́ jáde

Ẹ tan ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí ẹ pa á. Ọ́ìlì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń ṣàn dáadáa, ó sì máa ń kó ìdọ̀tí tó ti rọ̀ sísàlẹ̀ dání jáde. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, ẹ fi í sílẹ̀ fún ó kéré tán ìdajì wákàtí. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó gbóná tán máa ń súnmọ́ 100 °C, á bó ọwọ́ yín, páìpù sàlẹ́ńsà tó wà nítòsí sì lè jó apá.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí ibi tí ẹ máa dà ọ́ìlì sí lókè. Afẹ́fẹ́ á ráyè wọlé, ọ́ìlì á sì ṣàn láìdún gbọ́n-ùn gbọ́n-ùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó sàn kí ẹ mọ̀ báyìí bóyá ìdérí náà ṣeé ṣí ju kí ẹ mọ̀ ọ́n lẹ́yìn tí ọ́ìlì ti dà tán.

Lábẹ́ ọkọ̀, ẹ wá nọ́ọ̀tì sọ́ńpù. Ẹ dá a mọ̀ dáadáa, nítorí nọ́ọ̀tì ọ́ìlì gíà lè wà nítòsí rẹ̀, pàápàá lára àwọn ọkọ̀ Subaru, àìmọye ènìyàn ló sì ti da ọ́ìlì gíà nù tí wọ́n wá fi tuntun lé ti ẹ́ńjìnì lórí. Sọ́ńpù ẹ́ńjìnì ni ọpọ́n irin tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì gan-an. Tí ohun tó bá ń ṣàn bá pupa bí omi zobo, ẹ dá nọ́ọ̀tì náà padà kíákíá, ọ́ìlì gíà ni.

Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tú u sí apá òsì, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí èyí tó kù. Bó ṣe kù díẹ̀ kó bọ́, ẹ máa tì í sókè bí ẹ ṣe ń yí i, kí ọ́ìlì má baà máa yọ́ jáde sí yín lápá. Ìgbà tí ẹ bá mọ̀ pé ó ti já, ẹ fà á kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ́ìlì kì í kọ́kọ́ balẹ̀ tààrà: ó máa ń yọ ọrùn síta bí omi ẹnu páìpù, bó bá sì ṣe ń tán ni yóò máa súnmọ́ ìdí sọ́ńpù. Ibi tó máa dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ni kí bàsíà wà, kí ẹ máa sún un bó ṣe ń rẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó kán fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Nígbà náà, ẹ fi ìka kan mú díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ nà án sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò pa á sí ìka ìfábẹ̀là. Kó dúdú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì máa ń dúdú láàárín kìlómítà díẹ̀. Kó rí bíi ẹ̀kọ mímu, tó funfun tó sì nípọn, omi ti wọ inú rẹ̀, gáàsíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì (ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀) sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ kí a fura sí. Kó máa rùn bíi bẹntiróòlù, epo kan ń jò wọlé. Kó ṣẹ́ yẹ́yẹ́yẹ́ lójú oòrùn bí ẹni pé wọ́n fọ́n ìyẹ̀fun wúrà sí i, bíárìn ti ń jẹ. Èyí tó bá kẹ́yìn yẹn, ẹ má fi ọkọ̀ náà rin ìrìn jíjìn kí mẹkáníìkì tó tú u wò.

Nọ́ọ̀tì sọ́ńpù àti wáṣà rẹ̀

Wáṣà àtijọ́ lè lẹ̀ mọ́ sọ́ńpù, kó jọ ara irin ibẹ̀. Ẹ fi èékánná wá a. Wáṣà tí a fi kọ́pà tàbí alumíníọ́mù ṣe ti fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní fẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Tí ẹ bá tún un lò, ó máa kán, ẹ máa fi agbára fún nọ́ọ̀tì kó má baà kán, tíréèdì sì máa já. Bí sọ́ńpù ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀tì jẹ́ irin líle, ọ̀pọ̀ sọ́ńpù sì jẹ́ alumíníọ́mù, sọ́ńpù ló máa ń fara gbá a.

Ẹ nu ibẹ̀, ẹ fi wáṣà tuntun sí i, kí ẹ fi ìka yí nọ́ọ̀tì náà wọlé títí tí kò fi ní yí mọ́. Tó bá le láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti wọ́, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sípánà tọ́ọ̀kì. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ wà láàárín 25 àti 40 Nm (Nm ni a fi ń wọn agbára yíyí). 37 Nm ni ti 2ZR-FE, 39 Nm ni ti ọ̀pọ̀ Honda. Tí kò bá sí sípánà tọ́ọ̀kì, ẹ lo sípánà kúkurú, kí ẹ fi agbára ọrùn ọwọ́ nìkan fún un, kì í ṣe ti èjìká. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára nígbà tí wáṣà bá tẹ́: nọ́ọ̀tì á rọ̀ díẹ̀ bó ṣe ń yí, á wá ki. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró.

Fílítà oní-agolo

Ẹ sún bàsíà sí abẹ́ fílítà. Ẹ fi sípánà fílítà gbá a mú nítòsí ìdí, ní apá tó kángun sí ẹ́ńjìnì, nítorí ibẹ̀ ló le jù. Tí ẹ bá dì í mú ní orí, ó máa wọ́. Ẹ yí i sí apá òsì. Tí kò bá sí sípánà fílítà, ẹ ká sáńpépà mọ́ ọn kí ọwọ́ má baà máa yọ̀. Àwọn kan máa ń gún un ní súkúrúdíráfà kí wọ́n fi yí i. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìgbà tí gbogbo nǹkan bá ti kọ̀, nítorí tí agolo bá ya tí ìdí rẹ̀ kù sára ẹ́ńjìnì, iṣẹ́ ìṣẹ́jú 5 á di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bó bá ti tú, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè bí ẹ ṣe ń gbé e wálẹ̀. Ó ṣì kún fún ọ́ìlì.

Ẹ dúró níbí. Ẹ wo ìdí fílítà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ṣé rọ́bà rẹ̀ wà níbẹ̀? Òrùka dúdú kan tó fẹ́ẹ̀rẹ́ ju ìka ọwọ́ kékeré lọ ni. Tí kò bá sí níbẹ̀, ara ẹ́ńjìnì ló wà, ó sì lè lẹ̀ pẹ́típẹ́tí, kó dúdú bí ọ́ìlì tó bò ó, kí ojú má rí i rárá. Ẹ fi àkísà nu ibi tí fílítà jókòó sí, kí ẹ fi ìka fọwọ́ kàn án yí ká, kí ó jẹ́ irin lásán tó ń dán ni ẹ máa bá. Tí ẹ bá fi fílítà tuntun lé orí rọ́bà àtijọ́, rọ́bà méjì á wà lórí ara wọn. Ọkọ̀ á tan, iná ọ́ìlì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á kú, gbogbo nǹkan á dà bí ẹni pé ó dára. Ọ́ìlì tútù lè tẹ̀ ẹ́ kọjá bar 4 (bar ni a fi ń wọn agbára títẹ̀). Láìpẹ́, ọ̀kan nínú rọ́bà náà á yọ síta, gbogbo ọ́ìlì ọkọ̀ á sì dà sílẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ẹ́ńjìnì tó kú báyìí pọ̀ gan-an, ìka tí wọn kò fi nu ibẹ̀ ló sì pa á.

Ẹ fi ọ́ìlì tuntun ra rọ́bà fílítà tuntun yí ká, ẹ má lo gíríìsì. Rọ́bà tó gbẹ máa ń lọ́ nígbà tí a bá ń fún un, òun náà ló sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì nígbà mìíràn. Tí ẹnu fílítà bá máa kọjú sókè lára ẹ́ńjìnì yín, ẹ da ọ́ìlì sí i títí dé bí ìdajì, kí bébà fà á mu. Èyí ń jẹ́ kí ọ́ìlì tètè dé òkè. Tó bá dùbúlẹ̀ tàbí tó dorí kodò, ẹ fi sílẹ̀, ṣe ló máa dà sílẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ yí i sí apá ọ̀tún títí rọ́bà yóò fi kan irin. Ẹ fi bírò fa ìlà kan sí ara fílítà níbi tí ẹ ti ń rí i, kí ẹ tún yí i ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àyíká, tàbí iye tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ọwọ́ nìkan ni. Sípánà fílítà wà fún títú, kò wà fún dídè. Èyí tí ẹ bá fi sípánà dè lónìí, ẹ̀yin náà ni ẹ máa jìjàkadì pẹ̀lú rẹ̀ nígbà mìíràn.

Fílítà oní-bébà

Ìdérí oní-bébà lè wà lókè, kí ẹ má tilẹ̀ nílò abẹ́ ọkọ̀ fún un. Ẹ fi ife sípánà rẹ̀ ṣí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá yọ bébà, ẹ ṣàkíyèsí apá tó kọjú sókè. Ẹ yọ òrùka rọ́bà ara ìdérí, kí ẹ fi tuntun sí inú kòtò kan náà gan-an. Àwọn ìdérí kan ní kòtò méjì tó jọra, rọ́bà tó bá wọ kòtò tí kì í ṣe tirẹ̀ máa jò. Ẹ fi ọ́ìlì ra á. Ìdérí Toyota tó jẹ́ irú èyí gba 25 Nm. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ike líle, tí ẹ bá fún un jù, ó máa sán. Bébà àtijọ́ kì í bọ́ síta pẹ̀lú ìdérí nígbà gbogbo, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ilé rẹ̀ kí ẹ tó fi tuntun sí i.

Ọ́ìlì tuntun wọlé

Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kó tẹ́jú. Ẹ fi àrọ dà á, ṣùgbọ́n ẹ fi ìdajì lítà sílẹ̀ nínú iye tí ìwé sọ. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ fa ọ̀pá géèjì (èyí tí a fi ń wọn ọ́ìlì) yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í wọlé dé ìdí, kí ẹ tún fà á. Láti àmì ìsàlẹ̀ sí ti òkè sábà máa ń jẹ́ bí lítà 1.

Ẹ tan ọkọ̀, ẹ má tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Iná ọ́ìlì máa ń kú láàárín bí ìṣẹ́jú-àáyá 5. Tó bá pé 10 tí kò tíì kú, ẹ pa á, kí ẹ wá ìdí rẹ̀. Tó bá kú, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 3, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí fílítà àti nọ́ọ̀tì sọ́ńpù láti ẹ̀gbẹ́, láìwọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún wo géèjì: á ti rẹlẹ̀, nítorí fílítà ti mu tirẹ̀. Ẹ máa bù ú sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi súnmọ́ àmì òkè.

Kó kọjá àmì òkè kì í ṣe àǹfààní. Kíráńkì máa ń bá ọ́ìlì tó pọ̀ jù, á lù ú bí ẹni ń po ẹyin, á hó, pọ́ńpù á sì máa fa fóòmù tí kò lè gbé ẹrù kankan. Tí ẹ bá ti bù ú jù, ẹ tú nọ́ọ̀tì sọ́ńpù díẹ̀ kí ẹ jẹ́ kó kán, tàbí kí ẹ fi páìpù fà á láti ibi géèjì.

Ẹ nu gbogbo ibi tí ọ́ìlì kán sí. Èyí tó bá kù lára sàlẹ́ńsà máa yọ èéfín tí ẹ̀rù á fi bà yín, èyí tó bá sì kù lára sọ́ńpù kò ní jẹ́ kí ẹ dá ojú jíjò mọ̀ bó bá ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Fílítà àtijọ́ àti ọ́ìlì rẹ̀

Tí ọ́ìlì bá ṣẹ́ yẹ́yẹ́ tàbí tí ọkọ̀ náà ti dàgbà, ẹ gé fílítà náà wò. Ẹ má fi ayùn irin gé e, èérún ayùn á dà sínú rẹ̀, ẹ kò ní mọ tẹni. Ẹ lo sísọ́ọ̀sì páànù. Ẹ na bébà náà, ẹ fún ọ́ìlì rẹ̀ jáde, kí ẹ gbé òòfà sí i. Èyí tó bá tẹ̀lé òòfà jẹ́ irin. Èyí tí kò tẹ̀lé e tó sì funfun jẹ́ alumíníọ́mù, bóyá láti ara pístìn. Èyí tó pọ́n bíi kọ́pà wá láti ara bíárìn. Ẹyọ kan tàbí méjì kì í ṣe nǹkan. Kó bo gbogbo ojú bébà ni ọ̀rọ̀ wà.

Èyí tí ẹ kò bá gé, ẹ gún orí rẹ̀ níhò, kí ẹ dà á kodò sórí bàsíà mọ́jú kó kán tán. Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ padà sínú kẹ́ẹ̀gì tí tuntun wà, ẹ dé e, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń gba ọ́ìlì lílò. Ẹ má pò ó mọ́ omi rédíétọ̀, ọ́ìlì bíréèkì tàbí bẹntiróòlù, wọn kò ní gbà á. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má dà á sórí koríko kó lè kú. Yóò dé inú omi kànga. Àwọn èròjà tó ń fa jẹjẹrẹ awọ wà nínú ọ́ìlì lílò, ẹ má fi fọ ọwọ́, ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ mọ́ yín lára.

Kí ẹ tó sùn, ẹ tẹ́ páálí tó mọ́ sí abẹ́ ẹ́ńjìnì. Láàárọ̀, kí ẹ tó tan ọkọ̀, ẹ yọ ọ́ kí ẹ wò ó, kí ẹ sì fa géèjì lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ọ́ìlì ti sọ̀ kalẹ̀ tán. Tí páálí bá gbẹ, ẹ kọ ọjọ́, kìlómítà, nọ́ńbà fílítà àti irú ọ́ìlì sí etí rẹ̀, ẹ gé ibẹ̀, kí ẹ fi pamọ́ sínú ìwé ọkọ̀.